Bodè Ìjọba Oòrùn

Ìlú gbogbo ni ó ní bodè. Níbo wá ni bodè ìjọba oòrùn? Ọ̀rọ̀ yìí dá àríyànjiyàn tí ó lé ní ọdún kan sílẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Ní ọdún 1958, Eugene Parker ti Yunifásítì Chicago kọ̀wé pé ẹ̀fúùfù ń fẹ́ jáde láti ara oòrùn láìdábọ̀. Àwọn méjì tí wọ́n yẹ ìwé náà wò kọ̀ ọ́. Chandrasekhar, olóòtú, ni ó ní kí a tẹ̀ ẹ́. Ní 1962, ọkọ̀ Mariner 2 fi hàn pé òtítọ́ ni. Ẹ̀fúùfù náà a máa sáré tó 400 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibi tí gáàsì ààrin àwọn ìràwọ̀ bá ti dá a dúró, ibẹ̀ ni bodè.

Ní 1977, Amẹ́ríkà rán Voyager 1 àti Voyager 2 jáde. Ní 1983, àti ní 1992, ọkọ̀ méjèèjì gbọ́ ìgbì rédíò tí ń mì ní ìgbà 2,000 sí 3,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Donald Gurnett àti William Kurth ti Yunifásítì Iowa ṣàlàyé pé ìjì oòrùn ti 1991 ni ó rìn ju ọdún kan lọ kí ó tó kọlu bodè. Ìkọlù náà ni ó dá ìgbì sílẹ̀. Láti inú iye ọjọ́ ìrìn náà ni wọ́n ti ṣírò pé bodè jìnnà ju ìlọ́po 100 ààrin ayé àti oòrùn lọ.

Ní oṣù kẹjọ 2012, àwọn ohun tíntìntín láti ara oòrùn dínkù lójijì lára Voyager 1. Àwọn kan ní ó ti jáde. Àwọn mìíràn kọ̀, nítorí pé ipá mágínẹ́ẹ̀tì kò yí ojú padà. Ẹ̀rọ tí ìbá wọn gáàsì náà sì ti bàjẹ́ láti 1980. Ẹ̀rọ ìgbì ni ó yanjú ọ̀ràn. Ìjì tí ó kúrò lára oòrùn ní oṣù kẹta 2012 dé ibẹ̀ ní oṣù kẹrin 2013, ó sì mú kí gáàsì náà máa mì. Bí ó ti ń mì fi hàn pé ó ki tó ìlọ́po 40 ti inú bodè. Ọkọ̀ náà ti jáde ní ọjọ́ 25, oṣù kẹjọ 2012.

Voyager 2, tí ẹ̀rọ tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́, jáde ní ọjọ́ 5, oṣù kọkànlá 2018. Níbẹ̀ pẹ̀lú, mágínẹ́ẹ̀tì kò fi bẹ́ẹ̀ yí ojú padà. Àmì tí àwọn ọlọ́gbọ́n gbójú lé kọ́ ni àmì bodè. Ìwọ̀n ni ó parí ìjà.