Ọ̀rọ̀ Ìsàlẹ̀ Fídíò: Bí Wáàsí àti Ìpàdé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Ṣe Lè Dé Ọ̀dọ̀ Ẹni Tí Etí Rẹ̀ Kò Gbọ́ràn

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó fún wa ní etí, ojú àti ọkàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo sàhábé rẹ̀.

Ní oṣù Ramadan kan, lẹ́yìn tí a parí tafsir tí à ń ṣe lórí Zoom, ìyá àgbàlagbà kan tí kì í pa ìjókòó wa jẹ ní kí ọmọ òun bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ọmọ náà ló wá fi kún un pé ó ti tó ọdún mélòó kan tí etí ìyá òun kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Wọ́n ń jókòó ti fóònù nítorí àti gba lára ìbùkún ìjókòó náà ni; wọn kì í gbọ́ ohun tí à ń sọ. Odindi oṣù kan la fi sọ̀rọ̀ níwájú ìyá yìí, a kò sì bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá wọ́n ń gbọ́ wa. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, òun ló sì mú wa kọ àlàyé yìí.

Kí ni ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fídíò?

Ẹni tó bá ti wo fíìmù Yorùbá tí wọ́n kọ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti mọ ohun tí à ń wí. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ díẹ̀ wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní subtitle wà fún ẹni tó ń gbọ́ ohùn ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ èdè. Èyí tí wọ́n ń pè ní caption wà fún ẹni tí kò gbọ́ ohùn náà rárá. Ìdí nìyí tó fi máa ń sọ nǹkan mìíràn tó ń dún pẹ̀lú: ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ìgbà tí àwùjọ ṣe àmín, ìgbà tí làdánì ń pe ìrun.

Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan lẹ̀ mọ́ fídíò, kò ṣeé yọ. Ìkejì ní bọ́tìnnì tí wọ́n kọ CC sí, ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò tàn án, ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ yóò pa á.

Ọdún 1972 ni tẹlifíṣọ̀n PBS ní Amẹ́ríkà gbé ètò ìdáná kan, The French Chef, jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ kí àwọn adití lè máa bá a lọ. Èyí tó ṣeé tàn tó ṣeé pa bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1980. Ní ọdún 2009, Google mú kí ẹ̀rọ máa kọ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ lórí YouTube. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ náà ni Ken Harrenstien, ẹnjiníà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití.

Àwọn tó nílò rẹ̀ kò kéré. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ ní ọdún 2021 pé àwọn tí àìgbọ́ràn wọn le débi pé wọ́n nílò ìtọ́jú lé ní mílíọ̀nù 430 káàkiri ayé. Àgbà sì ń bọ̀ wá dé bá gbogbo wa.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun nínú ẹ̀sìn wa

Nígbà àìsàn tí Ànábì fi kú, ó jókòó kírun pẹ̀lú àwọn èèyàn. Ohùn rẹ̀ kò dé ẹ̀yìn, Abu Bakr ló sì ń jẹ́ kí àwọn èrò gbọ́ kábíárà rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni a ti mọ iṣẹ́ muballigh, ẹni tó ń gbé ohùn imam dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn.

Bákan náà ni ti àwọn onímọ̀ hadith láyé àtijọ́. Bí èrò bá pọ̀, ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní mustamlī yóò dúró láàrin wọn, yóò máa tún ọ̀rọ̀ ṣéù sọ kí àwọn tó jìnnà lè kọ ọ́ sílẹ̀. As-Sam'ānī, tó kú ní ọdún 562 lẹ́yìn Hijra, kọ odindi ìwé lórí ẹ̀kọ́ tó yẹ iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fídíò lónìí, mustamlī ni. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mustamlī náà là ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: kí ó lajú, kí ó má fi kún un, kí ó má yọ nínú rẹ̀.

Gbogbo wa la sì mọ ìtàn Abdullah ọmọ Ummu Maktum, afọ́jú tí Ọlọ́hun torí rẹ̀ sọ Súrà Abasa kalẹ̀. Ẹni tó wá ìmọ̀ wá kò yẹ ní ẹni tí à ń gbójú kúrò lára rẹ̀ nítorí àléébù ara.

Bí a ṣe ń ṣe é

*YouTube:* Ẹni tó ni fídíò yóò wọ YouTube Studio, yóò tẹ "Subtitles", yóò mú fídíò náà, yóò sì yan èdè. Ó lè tẹ ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀, tàbí kí ó gbé fáìlì tí wọ́n ń pè ní SRT sí i. Fáìlì yìí kò le: nọ́ńbà, àkókò tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ àti àkókò tó parí, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ gan-an.

*Zoom:* Ẹni tó ni ìpàdé ni yóò kọ́kọ́ ṣí captions nínú ètò àkáǹtì rẹ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ ọ́, ó sì lè yan ẹnì kan nínú ìpàdé pé kí ó máa tẹ̀ ẹ́. Fún wáàsí Yorùbá, ẹni tó mọ Yorùbá kọ tí ọwọ́ rẹ̀ sì yá la gbà yín níyànjú láti yàn.

*Google Meet:* Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ni yóò tẹ bọ́tìnnì CC lórí fóònù tirẹ̀. Òun nìkan ni yóò rí i, kò dí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Kí ó rí i pé èdè tí ó yàn ni wọ́n ń sọ.

*WhatsApp:* Fídíò kúkúrú tí à ń pín kiri níbẹ̀ kò ní CC. Ẹ lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ọn kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Áàpù bíi CapCut lè ṣe é.

Níbi gbogbo, kí ọ̀rọ̀ má ju ìlà méjì lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ó tóbi, kí ó má sì bo ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ adití ń wo ẹnu. Kí èèyàn méjì má jọ sọ̀rọ̀ papọ̀, kí kálukú sì dárúkọ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí a ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra

Ẹ̀rọ mọ Gẹ̀ẹ́sì ju Yorùbá lọ. Bí ẹ bá ń wáàsí ní Yorùbá tí ẹ̀rọ sì rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni, yóò kàn to ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ jọ ni. Ewu tó ju ìyẹn lọ wà níbi tí ọ̀rọ̀ ti jọra. Aáfà sọ pé, "Ẹ má jẹ owó èlé." Bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bá ṣèèṣì fi "a" kan kún un, ó di "Ẹ máa jẹ owó èlé." Lẹ́tà kan ṣoṣo ló sọ háràámù di àṣẹ, adití tó ń kà á kò sì ní ohùn aáfà tí yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà, kí ẹnì kan ka gbogbo rẹ̀ tán kí fídíò tó jáde, kí wọ́n sì fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ tó lè ṣini lọ́nà.

Ní ti Kuránì, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ āyah kankan. Ẹ da á kọ láti inú Kuránì gan-an pẹ̀lú ìtumọ̀ tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò, kí ẹ sì kọ orúkọ súrà àti nọ́ńbà āyah.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pẹ̀lú pé ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ kò tó fún gbogbo adití. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé èdè ọwọ́ ni èdè wọn láti kékeré. Ògbufọ̀ ni irú wọn nílò.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn

Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari bu ọwọ́ lù ní oṣù January ọdún 2019 sọ ọ́ di èèwọ̀ ní Nàìjíríà láti ya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a dúró de ọlọ́pàá kí a tó ṣe é nínú mọ́sálásí. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mọ́sálásí, ẹ yan ọ̀dọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí wọn yóò máa ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá so Bàbá tàbí Màmá mọ́ yìgì tàbí àdúà fídáù lórí fóònù, ẹ tàn án fún wọn, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n ń rí i kà. Bí wọn kò bá mọ̀wé, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ máa sọ ọ́ sí wọn létí.

Àwa ti yan ẹni tí yóò máa tẹ ọ̀rọ̀ ní tafsir tiwa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyá wa ọjọ́ yẹn fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí wa lórí āyah tí a kà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi wa nìyẹn láti ìgbà tí a ti mọ̀ wọ́n.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ìmọ̀ wa dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tó ń wá a. Āmīn.