Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta okòwò lórí ahọ́n: Bí fránṣáìsì èrú ṣe ń gbé owó àwọn tó ń wá iṣẹ́ lọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a kò bá jìyà fún, kì í tọ́jọ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kó sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò èrú kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wà nínú wọn. Ọ̀dọ́ tó jáde ní yunifásítì tí kò tíì ríṣẹ́ wà níbẹ̀. Ìyá ọlọ́jà tó fẹ́ fẹ ọjà rẹ̀ lójú wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ òru ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston, tó ń gbàdúrà kí òun náà di ọ̀gá ara òun. Àwọn oníjìbìtì mọ̀ pé ẹni tó ń wá iṣẹ́ kò ní dá ẹni tó bá ṣèlérí owó ọ̀fẹ́ lóhùn. Nítorí náà, wọn kì í pe ohun tí wọ́n ń tà ní owó ọ̀fẹ́. Iṣẹ́ ni wọ́n ń pè é, wọ́n á ní àǹfààní okòwò ni, tàbí fránṣáìsì, tàbí àṣẹ láti di olùdámọ̀ràn okòwò.

Kí ni fránṣáìsì tòótọ́?

Fránṣáìsì kì í ṣe ohun búburú. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ilé-iṣẹ́ kan tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ yóò gba ẹlòmíràn láàyè láti lo orúkọ rẹ̀, ọjà rẹ̀ àti ìlànà iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó gba àyè náà yóò san owó ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì máa fi díẹ̀ nínú ohun tó bá ń wọlé ránṣẹ́ sí onílé-iṣẹ́. Ní Nàìjíríà, ilé oúnjẹ Mr Bigg's tí ilé-iṣẹ́ UAC dá sílẹ̀ ní 1986 wà lára àwọn tó sọ irú okòwò yìí di mímọ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tó wọlé lọ ra oúnjẹ níbẹ̀ kò mọ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ebi ló ń pa á, oúnjẹ ló rà, owó oúnjẹ ló san.

Ibi tí òdodo àti èrú ti pínyà gan-an nìyí. Nínú fránṣáìsì tòótọ́, ọwọ́ oníbàárà tó fẹ́ ọjà ni owó ti ń wá. Nínú ti èrú, ọwọ́ àwọn tó ra fránṣáìsì fúnra wọn ni gbogbo owó ti ń jáde, kò sì sí oníbàárà kankan níta.

Èyí tí wọ́n ń pè ní fránṣáìsì ìdámọ̀ràn ló máa ń ṣòro jù láti dá mọ̀, nítorí pé ìmọ̀ràn kì í ṣe iṣu tàbí aṣọ tí a lè fọwọ́ kàn. Ẹni tó bá san owó yóò gba ìwé ẹ̀rí aláràbarà, àwọn ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀, àti ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n á sọ fún un pé ó ti di olùdámọ̀ràn, pé ó lè máa kọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ bí wọn yóò ṣe dín ìnáwó kù, tàbí bí wọn yóò ṣe rí owó yá. Ó délé, kò sí ilé-iṣẹ́ tó mọ orúkọ tó rà. Bí ó bá padà lọ fẹjọ́ sùn, ìdáhùn tí yóò gbà ni pé kò tíì ra ìpele kejì, níbi tí àṣírí gan-an wà. Bí ó bá tún san ìyẹn, tí oníbàárà kò yọjú síbẹ̀, wọ́n á wá sọ pé ọ̀nà tó yá jù láti rí owó rẹ̀ padà ni kí ó wá àwọn mìíràn tí yóò ra irú àṣẹ kan náà, kí ó sì gba owó ẹ̀yìn lórí wọn. Ọjọ́ náà ni ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì yóò di ẹni tó ń bá wọn lu àwọn ará ilé rẹ̀.

Àrùn tó ti pẹ́

Ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1920, Charles Ponzi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ṣèlérí èlé ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọjọ́ 45. Ó ní òun ń ra kúpọ́ọ̀nù ìfìwéránṣẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè ní owó pọ́ọ́kú, òun sì ń pààrọ̀ rẹ̀ sí owó ńlá ní Amẹ́ríkà. Irọ́ ni. Owó ẹni tó dé lánàá ló fi ń san fún ẹni tó dé níjẹta. Ìwé ìròyìn Boston Post tú àṣírí rẹ̀, wọ́n mú un ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ó sì lọ sẹ́wọ̀n. Ní 1949, ó kú ní Rio de Janeiro ní ilẹ̀ Bràsíìlì, nínú òṣì. Láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti ń fi orúkọ rẹ̀ pe irú jìbìtì bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń ta àṣẹ olùdámọ̀ràn náà kò gbẹ́yìn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, Federal Trade Commission, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà, tí ìkékúrú rẹ̀ ń jẹ́ FTC, gbé ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní MOBE lọ sí ilé-ẹjọ́. Ẹ̀sùn tí àjọ náà kà sí i lọ́rùn ni pé ó ń polówó ìlànà ìgbésẹ̀ 21 tí ènìyàn lè fi dá okòwò sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dọ́là 49 péré ni owó ìwọlé. Ẹni tó bá wọlé tán yóò bá olùkọ́ni kan pàdé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ni náà ni láti rọ̀ ọ́ kí ó máa ra ìpele lé ìpele, títí dé èyí tí owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30,000 dọ́là. Okòwò tí wọ́n sì fẹ́ kọ́ ọ ni pé kí ó máa ta àwọn ìpele náà fún ẹlòmíràn. FTC sọ pé owó tó wọlé fún wọn lọ́nà yìí ju mílíọ̀nù 125 dọ́là lọ. Ilé-ẹjọ́ ti ilé-iṣẹ́ náà pa, díẹ̀ nínú owó náà ló sì padà sọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé

Nàìjíríà náà ti jẹ nínú iyán yìí, kò sì dùn lẹ́nu. MMM, tí Sergei Mavrodi ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà dá sílẹ̀, ti dojú dé ní ilẹ̀ rẹ̀ ní 1994 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní nǹkan bí ìparí ọdún 2015. Èlé ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kan ni wọ́n ṣèlérí. Báǹkì àpapọ̀ àti àjọ SEC, tó ń ṣàkóso ọjà ìdókòwò, kìlọ̀ ní ọdún 2016, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n ti owó gbogbo ènìyàn pa, àwọn tó fẹ́ fi ṣọdún Kérésì sì ká ọwọ́ lérí. Àjọ NDIC, tó ń dójútòfò owó inú báǹkì, sọ lẹ́yìn náà pé nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Nàìjíríà ló pàdánù bílíọ̀nù 18 náírà.

Ọgbọ́n kò pọ̀ sí i púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, CBEX, tó ní òun ń lo ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n láti ṣòwò owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, dédé dá owó dúró. Ní Òkè-Àdó, ní Ìbàdàn, àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì wọn, wọ́n sì kó àga àti tábìlì lọ. Èyí tó burú jù ni pé lẹ́yìn tí owó ti wọmi, wọ́n tún ní kí àwọn ènìyàn san 100 dọ́là tàbí 200 dọ́là sí i kí wọ́n lè yẹ orúkọ wọn wò. Ẹni tí ejò bu jẹ ni wọ́n tún ń fi ejò mìíràn wò sàn.

Ìṣirò kì í parọ́

Bí ènìyàn bá fi 100,000 náírà sínú okòwò tó ń san ìdá ọgbọ̀n lóṣù, tí kò sì yọ kobo, owó náà yóò ju mílíọ̀nù méjì àti 300,000 náírà lọ láàárín oṣù 12. Kò sí ọjà Bódìjà, kò sí oko kòkó, kò sí ọkọ̀ akérò tó ń pa irú owó bẹ́ẹ̀ wọlé lọ́dọọdún.

Ẹ jẹ́ ká wo ti wíwá ènìyàn náà. Bí ẹnì kan bá mú ènìyàn mẹ́fà wá, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn náà mú mẹ́fà wá, nígbà tí yóò bá fi dé ìpele kọkànlá, àwọn tí wọ́n nílò yóò ti ju mílíọ̀nù 362 lọ, iye tó ju gbogbo ọmọ Nàìjíríà lọ. Ní ìpele kẹtàlá, wọn yóò ju bílíọ̀nù 13 lọ, gbogbo ayé kò sì tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe àìṣiṣẹ́ kára ló mú kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ pàdánù. Bí wọ́n ṣe to okòwò náà ni kò lè jẹ́ kí wọ́n jèrè.

Àwọn kan máa ń sọ pé kò yàtọ̀ sí èsúsú. Ó yàtọ̀ pátápátá. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń dá 10,000 náírà lóṣù, ẹnì kan yóò kó 100,000 náírà lóṣù kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí oṣù kẹwàá bá parí, iye tí oníkálukú dá náà ló kó. Èsúsú kò ṣèlérí èlé fún ẹnikẹ́ni.

Àmì tí a fi ń dá wọn mọ̀

1. Wọ́n ń dárúkọ iye tí ènìyàn yóò jèrè, ṣùgbọ́n wọn kì í fi sínú ìwé tí a fọwọ́ sí.

2. Wọ́n ń kánjú. Wọ́n á ní àyè márùn-ún péré ló kù, tàbí pé owó yóò wọ́n sí i lọ́la.

3. Owó orí ẹni tí ènìyàn bá mú wá ju owó orí ọjà tàbí iṣẹ́ tó bá tà lọ.

4. Àwọn ẹlẹ́rìí tí wọ́n ń fi hàn jẹ́ àwọn tí wọ́n yàn fúnra wọn. Bí a bá béèrè orúkọ àwọn tó ti kúrò nínú okòwò náà, ọ̀rọ̀ á yí padà.

5. Ìṣòro yòówù tí ènìyàn bá ní, ìpele tí owó rẹ̀ ga jù ni ojútùú rẹ̀.

6. Wọ́n ń fi orúkọ pásítọ̀, ààfáà, ọba tàbí òṣèré bojú, dípò ìwé ìṣirò owó.

Ohun tí òfin sọ

Ní Amẹ́ríkà, òfin fránṣáìsì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1979 pa á láṣẹ pé kí ẹni tó ń tà á gbé ìwé àlàyé kíkún fún ẹni tó fẹ́ rà, ó kéré tán ọjọ́ 14 kí ó tó fọwọ́ síwèé tàbí kí ó sanwó. Àwọn tó ti rà á rí, àti àwọn tó ti kúrò láìpẹ́, gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Fún àwọn okòwò kéékèèké mìíràn, òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012 ní kí wọ́n fún olùrà ní ìwé olójú-ewé kan, ó kéré tán ọjọ́ méje ṣáájú. Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ bóyá wọ́n ti pe olùtajà lẹ́jọ́ rí, àti bóyá yóò dá owó padà. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àwọn ìwé wọ̀nyí. Ẹni tó bá kọ̀ láti fún wọn ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Nàìjíríà kò ní òfin tó dá dúró fún fránṣáìsì. Síbẹ̀, ọwọ́ òfin kò kúrú. Òfin ìdókòwò ti ọdún 2025 ka jìbìtì irú ti Ponzi léèwọ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 àti owó ìtanràn mílíọ̀nù 20 náírà sì wà lára ìyà rẹ̀. Òfin tó de jìbìtì gbígba owó sílẹ̀, ti ọdún 2006, ní ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún méje nínú.

Ohun kan wà tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ CAC fi hàn pé orúkọ ilé-iṣẹ́ wà nínú ìwé ìjọba ni. Kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti gba owó ìdókòwò lọ́wọ́ ará ìlú. Ìwé SCUML láti ọ̀dọ̀ àjọ EFCC náà kì í ṣe àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń gba owó ará ìlú láti fi dókòwò gbọ́dọ̀ ní àṣẹ SEC, a sì lè wá orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì àjọ náà kí a tó sanwó.

Bí ènìyàn bá ti kó sí i

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ó má ṣe fi owó mìíràn lé e, yálà wọ́n pè é ní owó orí, owó àyẹ̀wò tàbí owó agbẹjọ́rò. Kí ó kó gbogbo rìsíìtì, ọ̀rọ̀ orí fóònù àti nọ́ńbà àkáǹtì tó sanwó sí jọ. Kí ó tètè sọ fún báǹkì rẹ̀, nítorí pé wákàtí díẹ̀ lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín owó tí wọ́n lè dá dúró àti èyí tó ti lọ. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ ìwé ẹ̀sùn sí EFCC, SEC tàbí FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà. Kí ó má sì jẹ́ kí ìtìjú pa á lẹ́nu mọ́, nítorí pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àwọn tó ti pàdánù ni àwọn oníjìbìtì fi ń rí àwọn tuntun.

Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fi okòwò lọ̀ kò nílò ju ìbéèrè kan lọ: ta ni yóò ra iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ òun, bí òun kò bá mú ẹnikẹ́ni wọlé? Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè dárúkọ oníbàárà náà, ẹni tó fẹ́ rà á gan-an ni oníbàárà tí wọ́n ń wá.