Ibi tí Ó Ti Ṣẹ̀ àti Ibi tí Ó Mì Dé: Ìmìtìtì Ṣakí Ọdún 2016 àti Ọ̀rọ̀ Ilé Kíkọ́ ní Òkè-Ògùn

Nínú àwọn àkójọ ìmìtìtì ilẹ̀ Nàìjíríà tí gbogbo wa máa ń tọ́ka sí, pàápàá ti Akpan àti Yakubu (2010) àti àwọn tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn náà, orúkọ ìlú ni wọ́n fi ń dá ìmìtìtì mọ̀. Wọ́n á kọ ọjọ́, wọ́n á kọ ìlú tí àwọn èèyàn ti sá jáde síta, ó tán. Lọ́dún 2016, Ṣakí di ọ̀kan nínú wọn. Ó wọlé bí àlejò tí onílé kò bi léèrè ibi tó ti ń bọ̀, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń dárúkọ rẹ̀ mọ́ Kwoi àti Mpape tí ilẹ̀ wọn náà mì, tí a kì í sábà rí ẹni tó dúró yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí mo fẹ́ bá àwọn aṣáájú wa jiyàn lé lórí nìyí: àkójọ tí kò bá ya ibi tí ìmìtìtì ti ṣẹ̀ kúrò lára ibi tí ó mì dé kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé, àìyàsọ́tọ̀ yìí ni kò sì jẹ́ ká rí ohun tí ti Ṣakí túmọ̀ sí fún Òkè-Ògùn.

Ẹ jẹ́ ká mú méjì tó dá wa lójú. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1939, ilẹ̀ mì ní Èkó, Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú àkójọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìtòsí Accra ni ìmìtìtì ọjọ́ náà ti ṣẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bí 6.5, ó wó ilé, ó sì pa èèyàn níbẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, Abẹ́òkúta ni wọ́n kọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìtòsí Allada ní orílẹ̀-èdè Benin ni orírun rẹ̀ wà, ó fi ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà jìnnà sí Òkè Olúmọ. Ìgbì tó ti ọ̀nà jíjìn wá ni àwọn ìlú wa gbà lọ́jọ́ méjèèjì. Ẹni tó bá wá ka àkójọ náà ní ìlú-ìlú, tó fa ìlà láti Ìbàdàn dé Ifẹ̀, tó ní ẹ̀là Ifẹ̀wàrà, ibi tí àpáta abẹ́ ilẹ̀ ti là, ló ń jí, orí kí ni ó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé? N kò sọ pé ẹ̀là Ifẹ̀wàrà ti kú o. Ìmìtìtì ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1984, tí Ajakaiye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (1987) yẹ̀ wò, tó láti fi hàn pé ilẹ̀ wa lè mì láti inú ara rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọdún 1939 àti ọdún 2009 kì í ṣe ẹlẹ́rìí sí i.

Burke (1969) ní tirẹ̀ kọjú sí òkun. Ibi tí àwọn ẹ̀là ńlá abẹ́ Àtìláńtíìkì, Romanche àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ti kan etíkun Guinea ni ó ní ká máa ṣọ́. Àlàyé yìí bá Accra mu dáadáa. Ṣakí kò sí létíkun, ó fi ohun tó ju igba kìlómítà lọ jìnnà sí òkun.

Kí ni gbogbo èyí kan bíríkìlà? Òun gan-an ló kàn jù. Ìmìtìtì tó ṣẹ̀ nítòsí máa ń gbọn nǹkan kíákíá-kíákíá. Bí ìgbì rẹ̀ ṣe ń rìn jìnnà ni gbígbọ̀n kíákíá yẹn ń rọlẹ̀, tí èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sì ń kù. Ilé pẹ̀lú ní bí ó ṣe máa ń mì tirẹ̀. Ìṣirò àfojúbù tí àwọn ẹnjiníà ń lò ni pé àjà kọ̀ọ̀kan ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kún àkókò tí ilé fi ń lọ tó fi ń bọ̀. Ilé ilẹ̀ kò ju ìdá kan yẹn lọ. Alájà mẹ́wàá á gba ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìgbà tí mímì ilẹ̀ àti mímì ilé bá ṣe déédéé ni ewu dé. Ní ìlú Mẹ́síkò, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985, orírun ìmìtìtì ju ọgọ́rùn-ún mẹ́ta kìlómítà lọ, síbẹ̀ àwọn ilé tó wà láàárín alájà mẹ́fà sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí wọ́n kọ́ sórí amọ̀ adágún àtijọ́, ni ó wó jù. Ọ̀pọ̀ ilé kúkurú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn dúró. Ní Agadir, lórílẹ̀-èdè Mòrókò, ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 1960, ìwọ̀n ìmìtìtì kò tilẹ̀ tó 6, ṣùgbọ́n abẹ́ ìlú ni ó ti ṣẹ̀, kò sì jìn sísàlẹ̀. Ó pa èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, púpọ̀ nínú wọn sì wà nínú ilé olókùúta tí kò ga.

Nítorí náà, ìmìtìtì méjì ni, ilé méjì ni wọ́n sì ń bá jà. Èyí tó mì dé láti Accra tàbí Allada ni ó yẹ kí ilé gíga orí yanrìn Èkó máa bẹ̀rù. Èyí tó bá ṣẹ̀ nílé ni ti Ṣakí, Ìgbòho, Òkèhò àti Ìsẹ́yìn, níbi tí ilé ilẹ̀ àti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan ti pọ̀ jù. Àkójọ tó bá da méjèèjì pọ̀ yóò mú kí ẹnjiníà Èkó àti ti Òkè-Ògùn ṣe ìṣirò kan náà, ọ̀kan nínú wọn á sì ṣìṣe.

Èwo wá ni ti Ṣakí? Ẹ̀rọ ìwọnmì, tó ń wọn mímì ilẹ̀, ni ì bá sọ ọ́, ṣùgbọ́n Toro ní ìpínlẹ̀ Bauchi ni olú ibùdó àwọn ẹ̀rọ wa wà, ẹ̀rọ kan kò sì tó láti tọ́ka sí orírun. Ó kéré tán, mẹ́ta ni. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa kò ju èrò orí lọ. Láti Allada dé Ṣakí jẹ́ nǹkan bí 260 kìlómítà. Láti Allada dé Èkó kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìlàjì ìyẹn lọ. Bí ìmìtìtì bá ti ìhà ibẹ̀ wá, ó yẹ kí Èkó àti Abẹ́òkúta ti pariwo kí ọ̀rọ̀ tó kan Ṣakí. Ìlú kan ṣoṣo ni ó wà ní ìlà ti Ṣakí nínú àwọn àkójọ. Àpáta àtijọ́ bí ti wa sì máa ń gbé ìgbì lọ jìnnà, kì í tètè pa á; bí ó bá ṣẹ̀ nítòsí tí kò sì mì dé ibòmíràn, a jẹ́ pé kékeré ni, kò sì jìn. Àwọn kan á ní àwọn tó ń fọ́ òkúta ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ tó yẹ ọ̀rọ̀ Mpape wò lọ́dún 2018 náà mẹ́nu ba fífọ́ òkúta. Ṣùgbọ́n ìbúgbàmù ní ọjọ́ àti wákàtí tó yẹ kó wà nínú ìwé ilé iṣẹ́. Kí wọ́n mú ìwé náà wá. Títí wọn yóò fi mú un wá, mo gbà pé Ṣakí ni ìmìtìtì Ṣakí ti ṣẹ̀.

Èsì tí wọ́n máa ń fọ̀ sí irú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àpáta wa ti dàgbà jù, pé láti nǹkan bí ẹgbẹ̀ta mílíọ̀nù ọdún tí òkúta Òkè Asábàrí àti Àdó-Àwáyé ti gbó, kò sí ohun tó tún kù tó lè yẹ̀. Gaoual ní Guinea náà jókòó sórí ilẹ̀ àtijọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1983, ìmìtìtì tí ìwọ̀n rẹ̀ lé ní 6 pa èèyàn tó ju igba lọ níbẹ̀, ó sì la ojú ilẹ̀. Ta ni ó ń ṣọ́ Gaoual lọ́jọ́ tó ṣáájú?

Ọ̀rọ̀ ibi tí ilé jókòó sí náà wà níbẹ̀, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní Òkè-Ògùn, ilé kan lè jókòó sórí àpáta gbalasa kí èyí tó kọjú sí i jókòó sórí ilẹ̀ pupa rírọ̀ tó nípọn. Ìgbì máa ń fẹ̀ nínú ilẹ̀ rírọ̀. Kí ẹni tó ń ra ilẹ̀ máa gbẹ́ ẹ wò.

Ẹ wá wo píláà kan nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Irin mẹ́rin dúró, rìǹgì yí wọn ká. Níbi tí ẹnu rìǹgì méjèèjì ti pàdé, ẹni tó ń tẹ irin tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n 90 lásán, kò tẹ̀ ẹ́ wọnú kọnkéré. Bí ilé bá ń ru ẹrù ara rẹ̀ nìkan, kò sí wàhálà. Bí ilẹ̀ bá mì, kọnkéré tó bo rìǹgì lẹ́yìn á kọ́kọ́ hó, ẹnu rìǹgì á là, irin á yọ ikùn síta, píláà á sì tẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo dẹ́kìn tó wà lórí rẹ̀. Kí wọ́n tẹ ẹnu rìǹgì náà dé ìwọ̀n 135, kí ó wọnú, kò ná wọn ju ìwọ̀nba irin àti ọwọ́ tó tún fi kan án lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní oríkèé tí bíìmù ti wọnú píláà, níbi tí rìǹgì yẹ kó ti pọ̀ jù, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń fò, nítorí ọwọ́ kò ráyè wọ̀ ọ́. BS 8110 tí a fi kọ́ àwọn ẹnjiníà wa kò bá wọn wí lórí èyí. Ìlú tí ilẹ̀ rẹ̀ kì í sábà mì ni a ti jogún rẹ̀.

Ti ilé ilẹ̀ yàtọ̀. Gébù ni ó máa ń kọ́kọ́ lọ, nítorí ó dá dúró sókè láìsí ohun tó dì í mú. Bíìmù kan tó yí gbogbo ògiri ká lókè líńtẹ́lì, tí irin rẹ̀ kò já ní igun, á so ilé pọ̀. Ẹ̀fúùfù tó ń ṣí páánù ní Òkè-Ògùn lọ́dọọdún ti tó ìdí fún un, kódà bí ilẹ̀ kò bá tún mì mọ́. Ilé alámọ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Èyí tí mo lè sọ níbí ni pé ògiri tó nípọn kì í ṣe ògiri tó lágbára bí igun rẹ̀ kò bá so pọ̀.

N kò lè kọjá láìdárúkọ dáàmù Ikere Gorge lórí odò Ògùn nítòsí Ìsẹ́yìn, tí a kọ́ láti gba 690 mílíọ̀nù mítà onígun omi. Omi tí a sé jọ lè jí ẹ̀là tó sùn. Kariba ní 1963 àti Koyna ní Íńdíà ní ọdún 1967 jẹ́rìí sí i. Àwọn dáàmù yẹn ga ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ, ti wa kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà n kò ní sọ pé Ikere ló mi Ṣakí. Síbẹ̀, dáàmù tó tóbi tó yìí kò yẹ kó wà láìsí ẹ̀rọ ìwọnmì lára rẹ̀.

Ẹ̀rọ mẹ́ta la nílò: ọ̀kan ní Ikere, ọ̀kan ní Oke-Ogun Polytechnic ní Ṣakí, ọ̀kan ní Ìgbẹ́tì. Ẹni tó bá sì tún fẹ́ tẹ àkójọ tuntun jáde, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó la òpó méjì sínú tábìlì rẹ̀: ọ̀kan fún ibi tí ìmìtìtì ti ṣẹ̀, ọ̀kan fún ibi tí ó mì dé. Níbi tí kò bá ti mọ èyí àkọ́kọ́, kí ó fi í sílẹ̀ lófìfo.