Ṣé Ọlọ́run kan náà ni gbogbo wa ń sìn?

Ìbéèrè yìí ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí a bi ìtàn léèrè.

Ní ọdún 1658, ní Madrid, ní ilẹ̀ Sípéènì, a tẹ ìwé ẹ̀kọ́ Kristi kan jáde fún àwọn ará Allada. Èdè wọn bá èdè Ègùn àti Fọ̀n tan. Kí ni àwọn àlùfáà pe Ọlọ́run nínú ìwé náà? Vodun ni. Wọ́n sì pe Jésù ní Lisa. Nígbà tí ó yá, àwọn oníwàásù mìíràn mú Mawu fún Ọlọ́run. Vodun wá di ohun tí wọ́n ní kí onígbàgbọ́ kọ̀ sílẹ̀.

Ní ti Yorùbá, Ọlọ́run ni Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lò nínú Bíbélì tí a parí ní 1884. Àwọn baba wa ti ń pe orúkọ náà tẹ́lẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí náà ń pè é.

Ṣé ọ̀rọ̀ ti parí? Rárá. Onígbàgbọ́ ní Jésù ni Ọmọ Ọlọ́run. Mùsùlùmí ní Ọlọ́run kò bímọ. Ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń bọ òrìṣà, ó ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n.

Nítorí náà, orúkọ kan náà kò sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀kan. Ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ kò sì sọ Ọlọ́run di méjì. Bí ọmọ ìyá bá fẹ́ jà lórí bí wọn ó ṣe sin òkú baba wọn, kí wọ́n rántí pé ènìyàn ni ó yan àwọn orúkọ wọ̀nyí. Kí olúkúlùkù di ẹ̀sìn rẹ̀ mú, kí ó má bú ti ẹnì kejì.