Ìdílé Jane Manning James, obìnrin aláwọ̀ dúdú láàárín àwọn Mormon àkọ́kọ́

Ìpínlẹ̀ Connecticut l'Amẹ́ríkà ni wọ́n bí Jane sí. Ìyá ẹ̀ ti ṣẹrú rí, ṣùgbọ́n Jane fúnra ẹ̀ kò ṣẹrú. Lọ́dún 1843, wọ́n kọ̀ láti fi ọkọ̀ ojú omi gbé òun àti mọ̀lẹ́bí ẹ̀ ní Buffalo, ni wọ́n bá fẹsẹ̀ rìn dé Nauvoo. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn sán, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Ibẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ nílé Joseph Smith, olùdásílẹ̀ ìjọ Mormon.

Lọ́dún 1847, òun, ọkọ ẹ̀ Isaac James, àtàwọn ọmọ ẹ̀ Sylvester àti Silas dé Utah. Nígbà tó yá, ó bẹ àwọn olórí ìjọ kí wọ́n so òun mọ́ ìdílé Smith bí ọmọ. Lọ́dún 1894, ìránṣẹ́ ni wọ́n fi í ṣe. Ó kú lọ́dún 1908.

Ohun tó dùn mí jù rèé: ìyá bọ́ lóko ẹrú, wọ́n tún sọ ọmọ di ìránṣẹ́ títí ayérayé.