Àdúgbò Tó Ṣeé Tọ́mọ Sí: Bí Àwọn Sàró àti Àwọn Àgùdà Ṣe Tẹ̀dó sí Èkó

Láti ọdún 1839 títí dé ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú, àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀, ló padà wá sí etí òkun ilẹ̀ wọn. Ìran méjì ni wọ́n: àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú omi tí wọ́n sì kó lọ sí Freetown ní Sierra Leone, àti àwọn Àgùdà, tí wọ́n sìnrú ní Bùràsíìlì tàbí ní Kúbà kí wọ́n tó gba òmìnira. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn, oníṣòwò, oníwàásù àti akọ̀wé ni wọ́n fi ń hàn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kó aya, ọmọ àti àgbàlagbà wọkọ̀, ohun tó sì jẹ wọ́n lógún jù ni ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní jí ọmọ wọn gbé, tí ọmọ náà yóò ti rí ilé ìwé lọ, tí ilẹ̀ tí wọ́n kọ́lé sí yóò sì jẹ́ tiwọn. Ohun mẹ́ta yìí ló ṣàlàyé bí àwọn àdúgbò Erékùṣù Èkó ṣe pín.

Ẹni tó bá ti ìdálẹ̀ dé, ilé bàbá rẹ̀ ni à ń retí pé kó forí lé, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí ilé bàbá ti di igbó. Ogun ti pa Òwu run, ó ti tú àwọn ìlú kéékèèké Ẹ̀gbá ká títí tí wọ́n fi kóra jọ sí abẹ́ àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta ní nǹkan bí ọdún 1830, Ọ̀yọ́ Ilé pàápàá dahoro, Òṣogùn tí wọ́n ti mú Samuel Àjàyí Crowther lẹ́rú ní 1821 sì jóná. Nítorí náà, ìlú tó lè gbà wọ́n tọmọtọmọ nínú èyí tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ń wá.

Ní Freetown, níbi tí wọ́n ti ń pe àwọn ọmọ Yorùbá ní Aku nítorí bí wọ́n ṣe máa ń kí ara wọn, ilé ìwé ti mọ́ àwọn òbí lára débi pé wọn kò lè gbà kí ọmọ wọn dàgbà láìsí i. Láti 1827 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ àti àlùfáà. Nígbà tí àwọn oníṣòwò Sàró ra ọkọ̀ òkun kan tí ìjọba ti gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò bọ̀ wá sílé ní 1839, òwò ẹrú ṣì ń lọ ní pẹrẹu ní Èkó, wọ́n sì ja àwọn kan lólè nínú àwọn tó kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá. Kò sí baba tó ti jẹ ìyà ẹrú tí yóò fẹ́ tọ́ ọmọ sí ẹnu ọ̀nà ọjà ẹrú. Àgbádárìgì ni wọ́n ń sọ̀ sí, wọ́n sì ń ti ibẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ti gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Láti Àgbádárìgì yìí ni James Ferguson, tí òun náà jẹ́ Sàró, ti kọ̀wé sí Freetown ní 1841 pé kí wọ́n fi oníwàásù ránṣẹ́. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé ní 1842, Henry Townsend ti ìjọ Áńgílíkà sì dé kí ọdún náà tó parí. Ó yẹ kí a fún èyí ní àyè rẹ̀ nínú ìtàn, nítorí àwọn òyìnbó oníwàásù ni wọ́n sábà máa ń fi ìyìn rẹ̀ fún: àwọn ìdílé ló kọ́kọ́ dé, àwọn ló sì ránṣẹ́ pe ìjọ àti ilé ìwé wá bá ara wọn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí ìtẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1852 ni Akítóyè fọwọ́ sí àdéhùn pé òwò ẹrú parí. Kò pẹ́ rárá tí àwọn Sàró fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wá láti Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta, tí àwọn mìíràn sì ń ti Freetown bọ̀ tààrà. Olówógbówó, ní ìpẹ̀kun erékùṣù náà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ni wọ́n kóra jọ sí, nítorí etí ọ̀sà ni, ẹrù kì í pẹ́ dé ilé níbẹ̀, ará Freetown ẹgbẹ́ wọn ló sì yí wọn ká. Láìpẹ́ wọ́n ń fẹ́ ilé ìwé tó ju ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1859, Thomas Babington Macaulay, tí wọ́n bí sí Sierra Leone tó sì jẹ́ àna Crowther, ṣí CMS Grammar School ní Broad Street pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 6 péré. Owó tí wọ́n fi ra ìwé àti ohun èlò fún un, £50, ti ọwọ́ James Pinson Labulo Davies wá, oníṣòwò Sàró tó ti jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ òkun. Ará àdúgbò ló dá owó sí ilé ìwé àdúgbò, èyí sì ṣe pàtàkì ju iye owó náà lọ.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló ká àwọn Àgùdà lára jù, ìdí rẹ̀ sì wà ní Bàhíà ní Bùràsíìlì. Ní oṣù Kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tó jẹ́ ẹrú àti àwọn tó ti dòmìnira, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, dìtẹ̀ ní Salvador, olú ìlú Bàhíà; lẹ́yìn tí ìjọba tẹ ọ̀tẹ̀ náà rì, ó ṣe òfin ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn tó ní kí àwọn ọmọ Áfíríkà tó ti dòmìnira máa san owó orí lọ́dọọdún, tó sì kà á léèwọ̀ fún wọn láti ra ilé tàbí ilẹ̀. Ẹni tó ti fi òógùn ojú ra ara rẹ̀ kò lè ra ibi tí yóò sin ìdodo ọmọ rẹ̀ sí. Èkó tí Ọba Dòsùnmú, tó jọba lẹ́yìn Akítóyè, ti ń fi ìwé fún àwọn tó ń dé lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà, láti nǹkan bí 1853, kò lè ṣe kó má fà wọ́n. Ìhà ìlà-oòrùn Olówógbówó ni wọ́n jókòó sí, níbi tí òpópónà Kakawa, Bámgbóṣé, Tokunbọ̀ àti Campos Square wà lónìí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń pè ní Pópó Àgùdà.

Bírikìlà, káfíńtà, aránṣọ àti oníbúrẹ́dì pọ̀ láàárín wọn, ilé tí wọ́n kọ́ sì ṣeé dá mọ̀ nínú ìlú tí agbo ilé yíká àgbàlá ti wọ́pọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan gba àárín ilé já láti ẹnu ọ̀nà iwájú dé ẹ̀yìnkùlé, yàrá tò sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀, atẹ́gùn ọ̀sà sì ń fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Fèrèsé onígi gíga wà lójú òpópónà, wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ òdòdó sára ògiri lókè wọn, ilé ìdáná àti kànga sì wà lẹ́yìn, níbi tí ojú ìyá ti lè tó ọmọ tó ń ṣeré. Ilé João Ẹ̀san da Rocha ní Kakawa gba orúkọ Ilé Omi nítorí kànga rẹ̀ tí àwọn aládùúgbò ti ń ra omi, ohun tó ṣe kókó ní erékùṣù tí omi iyọ̀ yí ká.

Ẹ̀sìn kò pín Pópó Àgùdà yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Kí àwọn àlùfáà Kátólíìkì tó wá fìdí kalẹ̀ ní 1868, ẹnì kan tó ti ṣe ẹrú rí, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ló ń kó àwọn onígbàgbọ́ jọ fún àdúrà. Ọwọ́ oníṣẹ́ Àgùdà ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross tí wọ́n parí ní 1881, Àgùdà ni João Baptista da Costa náà, tó kọ́ mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ní Jímọ́ọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, fréjọ̀n, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè, ń ti ìkòkò kan dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ aládùúgbò.

Ìrọ̀rùn àwọn tó padà bọ̀ yìí ni àwọn ẹlòmíràn lára, kò sì yẹ kí òpìtàn fi pamọ́. Tinúubú, obìnrin oníṣòwò ńlá ní Èkó, rí i pé òwò ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ sọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó sì gbógun tì wọ́n. Ní 1856, Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, mú kí Dòsùnmú lé e kúrò ní Èkó. Olówógbówó fúnra rẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo, nítorí àwọn ènìyàn Kòsọ́kọ́ tó sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ ló ti ń gbé níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé ní 1862, Òṣòdì Tápà, balógun Kòsọ́kọ́, kó wọn lọ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ó sì tò wọ́n sí agbo ilé 21.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1867, irú ìbínú bẹ́ẹ̀ dé Abẹ́òkúta. Àwọn Ẹ̀gbá, tí inú ń bí sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lé òyìnbó oníwàásù jáde nínú rògbòdìyàn tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé, ọ̀pọ̀ ìdílé onígbàgbọ́ sì sá wá sí etí òkun. John Hawley Glover, tó ń ṣàkóso Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fi wọ́n sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, lódìkejì ọ̀sà, níbi tí wọ́n ń pè ní Àgọ́ Ẹ̀gbá, ó sì fún wọn ní ìwé pélébé tí a mọ̀ sí tíkẹ́ẹ̀tì Glover gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ilẹ̀ tó kan ìdílé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé sórí rẹ̀, wọ́n bímọ, wọ́n sì sin òkú wọn síbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí tíkẹ́ẹ̀tì náà fún ni lẹ́tọ̀ọ́ sí kò yé gbogbo ènìyàn bákan náà, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn sì ń rojọ́ rẹ̀ ní kóòtù Èkó wọ inú ọ̀rúndún ogún.