Láti Ara Ògiri Dé Ojú Fóònù: Ìtàn Ìwé Owó Wa

Wọ́n ní kí n kọ ìtàn díẹ̀ sínú ìwé ọdún tiwa. Ìtàn àwọn alága àti ìtàn bí a ṣe rí ilẹ̀ rà, àwọn mìíràn á kọ ọ́. Ìtàn ìwé owó ni èmi fẹ́ sọ, torí òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa jù, òun náà la sì máa ń ṣí tí a bá fẹ́ parí ìjà. Ní báyìí tí àwọn ọmọ wa ń sọ pé kí a kó gbogbo àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ sórí fóònù, sínú ohun tí wọ́n ń pè ní spreadsheet, ó yẹ ká mọ ibi tí nǹkan náà ti wá kí a tó gbà á tàbí kí a tó kọ̀ ọ́.

Kí ìwé tó dé, owó ti wà, ìṣirò náà sì ti wà. Owó ẹyọ ni àwọn baba ńlá wa ń ná. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà kò nílò bírò. Èsúsú náà ti wà: Samuel Johnson sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, kọ odidi àpilẹ̀kọ lórí rẹ̀ ní 1952. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun gbé e lọ, títí di òní wọ́n ń dá a ní Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é.

Orí làwọn ìyá wa fi ń ṣe ìwé. Ibi tí orí ò bá gbé e mọ́, wọ́n á fi èédú tàbí ẹfun fa ìlà sára ògiri, ìlà kan fún àwìn kan. Ẹ má fojú kéré ògiri yẹn o. Ẹni tó jẹ gbèsè ń rí i, ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè ń rí i, aládùúgbò tó wá tọrọ iyọ̀ náà ń rí i. Àfi kí òjò rọ̀ wọlé, tàbí kí ọmọ kan fi ọwọ́ nù ún.

Lẹ́yìn náà ni alájọ dé pẹ̀lú káàdì. Gbogbo wa la mọ káàdì yẹn: ojú ilé 31, ọjọ́ kan ojú kan, owó ọjọ́ kan nínú oṣù sì jẹ́ ti alájọ. Ẹ wò ó dáadáa, spreadsheet kékeré ni. Ohun tó sì mú un lágbára ni pé àkọsílẹ̀ méjì ló wà, ọ̀kan lọ́wọ́ tiwa, ọ̀kan lọ́wọ́ alájọ. Bí wọn ò bá bára mu, ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn, lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ní ìparí ọdún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ méjì yìí sọ́kàn, mò ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ìjọba mú òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wá sí Nàìjíríà ní 1935, lẹ́yìn ìròyìn tí òyìnbó kan tó ń jẹ́ C. F. Strickland kọ ní 1934. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ló kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀ jù. Bí ẹgbẹ́ bá ti forúkọ sílẹ̀ báyìí, ó di dandan kó ní ìwé tí àwọn ará rẹ́jísírà lè yẹ̀ wò, léjà sì di nǹkan àpèérí. Ṣùgbọ́n ta ló lè ka léjà? Àwọn ọkùnrin àti àwọn ọmọ iléèwé ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń yin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti àwọn obìnrin tó yí i ká ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún àwọn ìyá ọlọ́jà ní 1944. Àwọn èèyàn rántí ìjà owó orí nìkan, wọ́n gbàgbé kíláàsì. Ẹni tó bá lè ka ìwé owó fúnra rẹ̀, ó ṣòro láti rẹ́ ẹ jẹ.

Ẹ̀yin tí orí yín ti funfun kò ní gbàgbé wàhálà ìṣirò ayé ọjọ́un: kọ́bọ̀ méjìlá ni ṣílè, ogún ṣílè ni pọ́n-ùn, ọ̀nà mẹ́ta lẹ ó sì máa ròó pọ̀ lórí ìlà kan. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni náírà gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn. Àmọ́ iṣẹ́ léjà kò dínkù. Bí akọ̀wé bá ṣi ẹyọ kan kọ ní oṣù kejì, gbogbo àròpọ̀ títí dé oṣù kejìlá ló máa nù ún kọ.

Irú wàhálà yìí gan-an ló bí spreadsheet orí ẹ̀rọ. Léjà gbọọrọ tó tẹ́ kọjá ojú ewé méjì ni òyìnbó kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀. Ní 1978, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní iléèwé ìṣòwò Harvard, Dan Bricklin, rí bí olùkọ́ ṣe ní láti pa gbogbo ìlà rẹ́ lójú pátákó kó sì tún un kọ nítorí pé iye kan ṣoṣo yí padà. Ó ní ó yẹ kí ẹ̀rọ kan wà tí yóò máa tún ìyókù ṣe fúnra rẹ̀. Òun àti Bob Frankston ṣe VisiCalc, ó jáde ní 1979. Lotus 1-2-3 tẹ̀ lé e ní 1983, Excel ní 1985. Àwọn ìlà òró àti ìlà ìbú ló wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n bá ti pàdé jẹ́ ojú ilé kan bíi ti ọpọ́n ayò. Ẹ lè kọ iye sínú ilé kan, ẹ sì lè kọ àṣẹ sínú ilé mìíràn pé kó ro gbogbo ilé òkè rẹ̀ pọ̀. Ẹ yí ọ̀kan padà, àròpọ̀ á yí tẹ̀ lé e.

Kò pẹ́ tó fi kúrò lórí tábìlì bọ́ sínú àpò. Ní 1991, HP gbé kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ kan jáde tó ní Lotus nínú. Ní 2001, Nokia 9210 tó ń ṣí bí àpótí gàárì wọ ọjà, fóònù tòun ti spreadsheet. Ọdún 2001 yẹn náà, ní oṣù kẹjọ, ni GSM dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú Econet àti MTN. Ta ló ń ronú spreadsheet nígbà náà? Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, owó ìṣẹ́jú kan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, títí Glo fi dé ní 2003. Google bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2006, ó sì fún un ní áàpù tirẹ̀ lórí fóònù ní 2014. Áàpù tó jẹ́ ti Excel nìkan dé orí fóònù Android ní 2015. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà tó kàn wá gan-an, torí pé fóònù tí wọ́n fi ń ṣe é ni àwọn ọmọ wa ti ń gbé kiri ọjà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ dídùn gbé wa lọ. Ojú fóònù kéré. Ìka kan tó ṣèèṣì kàn án lè pa iye kan rẹ́ láìsí ariwo. Bí ẹ bá kọ nọ́ńbà fóònù ọmọ ẹgbẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo, ẹ̀rọ á gé òdo náà dànù, ó rò pé iye owó ni, àyàfi tí ẹ bá kọ́kọ́ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Bí ẹ bá kọ 5/6, ó lè kà á sí ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà, ó sì lè kà á sí ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún. Èyí tó burú jù ni kí akọ̀wé ní kí ẹ̀rọ to orúkọ bí ABD láìfa owó mọ́ ọn. Orúkọ á ṣí, owó á dúró. Gbèsè Ìyá Eléwédú á wá di ti Ìyá Alátà, àròpọ̀ ìsàlẹ̀ á sì pé pérépéré, kò ní sí ẹni tó fura.

Kì í ṣe àwa aláìmọ̀wé nìkan nirú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní 2010, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì, Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff, kọ ìwé lórí gbèsè àwọn orílẹ̀-èdè. Àwọn aláṣẹ ní ilẹ̀ òyìnbó gbé e lérí gan-an nígbà tí wọ́n ń gé ìnáwó ìjọba. Ní 2013, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì Massachusetts, Thomas Herndon, gbìyànjú láti tún ìṣirò náà ṣe, kò rí i kó bára mu. Ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n fi fáìlì Excel wọn ránṣẹ́ sí i. Ó ṣí i, ó rí i pé àṣẹ ìṣirò náà dúró ṣáájú kó tó dé ìsàlẹ̀: orílẹ̀-èdè márùn-ún ni kò kà. Àṣìṣe mìíràn tí òun àti àwọn olùkọ́ rẹ̀ tọ́ka sí wà, èyí nìkan ni mo mú torí ó jọ tiwa. Ẹ fi ọmọ ẹgbẹ́ márùn-ún tó wà nísàlẹ̀ ìwé rọ́pò orílẹ̀-èdè márùn-ún yẹn, ní ọjọ́ tí a ń pín èrè. Ohun tó tú u fó ni pé ẹlòmíràn rí ìwé náà. Káàdì méjì alájọ náà ni.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní ká dìbò, màá ní ká gbà á, ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ sí i pé kó wà lórí fóònù akọ̀wé nìkan. Bó bá jẹ́ inú fóònù nìkan ló wà, ọjọ́ tí olè bá yọ fóònù nínú mọ́lúè ni ẹgbẹ́ pàdánù ìwé. Bó bá jẹ́ ti Google, ó ṣeé fún akọ̀wé àti akápò láṣẹ láti kọ ọ́, kí àwọn tó kù máa wò ó láìlè fọwọ́ kàn án. Lórí kọ̀ǹpútà, ó tún ṣeé wò ẹni tó yí nǹkan padà àti ọjọ́ tó yí i. Ìyá tí kò mọ̀wé ńkọ́? Káàdì rẹ̀ ò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ká sì máa ka iye rẹ̀ sétí rẹ̀ ní ìpàdé, kó gbọ́ ọ, kí ọmọ rẹ̀ fi wé káàdì.

Ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ ka ìwé orí fóònù yìí sí wa létí. Ẹ dákun, kí kálukú mú káàdì rẹ̀ dání.